Ojú Òkú Lára Alààyè: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Géèmù Onimusha

Nígbà tí mo sọ fún àwọn tó pè mí pé orí géèmù ni màá ti sọ̀rọ̀, àwọn kan nínú wọn rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni mo fẹ́ wá sọ. Ọ̀rọ̀ òkú ni mo bá wá.

Lọ́dún 1560, ní ibì kan tí wọ́n ń pè ní Okehazama ní ilẹ̀ Japan, ọ̀dọ́ ìjòyè kan tó ń jẹ́ Oda Nobunaga kó ọmọ ogun díẹ̀ lọ pàdé Imagawa Yoshimoto. Ogun Imagawa pọ̀ ju tirẹ̀ lọ fíìfíì, kò sì sẹ́ni tó rò pé Nobunaga máa bọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òjò ńlá rọ̀ lọ́jọ́ náà, àwọn Imagawa dẹra nù, Nobunaga yọ sí wọn lójijì, wọ́n sì bẹ́ orí ọ̀gá wọn. Láti ọjọ́ yẹn ni orúkọ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ba àwọn ìjòyè yòókù lẹ́rù, ó sì lo ọdún 22 sí i lókè eèpẹ̀ kí ikú tó mú un.

Bí ìtàn ṣe wí nìyẹn. Lóṣù kìíní ọdún 2001, ilé iṣẹ́ Capcom, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní ìlú Osaka, gbé géèmù kan jáde fún PlayStation 2. Onimusha: Warlords ni wọ́n pè é. Ogun Okehazama yìí náà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nobunaga jókòó sórí ẹṣin, ó ń wo ogun tí òun ti ṣẹ́, ni ọfà kan bá já wá láti ibi tí ẹnikẹ́ni ò fojú sí, ó gún un lọ́rùn. Ó kú fin-ín fin-ín. Lẹ́yìn èyí ni àwọn anjọ̀nnú kan tó ń jẹ́ Genma jí òkú náà dìde, tí wọ́n sì sọ ọ́ di tiwọn.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí yìí, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà. Capcom kò fọwọ́ kan nǹkan kan nínú ohun tí Nobunaga fi ìyókù ayé rẹ̀ ṣe. Ó ṣì jagun, ó ṣì gba ilẹ̀ onílẹ̀. Lọ́dún 1571, ó ṣì lọ sórí òkè Hiei lẹ́bàá Kyoto, ó dáná sun tẹ́ḿpìlì Enryaku-ji, wọ́n sì pa àwọn àlùfáà ibẹ̀ tọmọdétọmọdé, tobìnrintobìnrin. Gbogbo èyí wà nínú ìwé ìtàn. Ohun kan ṣoṣo tí géèmù náà yí padà ni ẹni tó ṣe é. Òkú ló ṣe é. Ọdún 22 tí àwọn òpìtàn ń kà sí Nobunaga lọ́rùn di iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó yẹ kó ti wà nínú sàréè láti 1560.

Kò sì jẹ́ pé wọ́n kàn ta ẹ̀sùn lé olóògbé lórí. Luís Fróis, àlùfáà ará Pọtugí tó gbé Japan láyé Nobunaga, kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ fi ọba àwọn ẹ̀mí búburú, èyí tó ń jọba ní ọ̀run kẹfà nínú ẹ̀sìn Búdà, pe ara rẹ̀ nígbà tó ń fèsì fún ọ̀tá rẹ̀ kan, Takeda Shingen. Bóyá ó fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni o, bóyá ó fi dẹ́rù bà wọ́n ni, orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí Akechi Mitsuhide, ọ̀kan nínú àwọn balógun rẹ̀, dìtẹ̀ mọ́ ọn lóṣù kẹfà ọdún 1582, tó ká a mọ́ inú tẹ́ḿpìlì Honnō-ji ní Kyoto, ilé jóná, Nobunaga pa ara rẹ̀ síbẹ̀, wọn ò sì rí òkú rẹ̀. Ẹni tó fẹnu ara rẹ̀ pe ara rẹ̀ ní ọba ẹ̀mí búburú, tí wọ́n wá òkú rẹ̀ tì! Òǹkọ̀wé wo ló máa rí irú èyí tí kò ní sáré mú kálàmù?

Nínú géèmù náà, Akechi Samanosuke ni ẹni tí a fi ń ṣeré. Orúkọ ìdílé rẹ̀ kì í ṣe ṣàdédé: ìbátan Mitsuhide ni. Ẹnikẹ́ni tó bá kàwé ìtàn ní Japan ti mọ̀, kó tó di pé ó tẹ bọ́tìnnì kan, pé ìdílé yìí ló máa pa Nobunaga níkẹyìn. Samanosuke gba ìwé láti ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin ìjòyè kan, Yuki, pé àwọn ènìyàn ń pòórá nínú ilé olódi Inabayama. Kó tó débẹ̀, àwọn Genma ti gbé ọmọ náà lọ. Ẹ̀yà kan tí Genma ti ṣẹ́gun látijọ́, àwọn Oni, fún un ní ìbọ̀wọ́ irin kan tó ń fa ẹ̀mí àwọn tó bá pa mọ́ra. Ìtàn náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, n kò sì ní fi àkókò yín ṣòfò lórí ìyókù rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe mú ẹ̀rù wọ inú rẹ̀ ló yẹ ká wò. Keiji Inafune ni alámòójútó iṣẹ́ náà, Jun Takeuchi ló darí rẹ̀. Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ní ìbẹ̀rẹ̀ ni pé kí wọ́n gbé Resident Evil, géèmù òkú-tó-ń-rìn tí Capcom ṣe lọ́dún 1996, lọ sí ayé ogun ìgbàanì, kí ilé rẹ̀ jẹ́ ilé àwọn nínjà tó kún fún ilẹ̀kùn ìkọ̀kọ̀ àti pàkúté. Orí PlayStation àkọ́kọ́ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń ṣe é kí wọ́n tó kó o lọ sórí ẹ̀rọ tuntun. Nítorí náà, bí wọ́n ṣe fi kámẹ́rà sí Resident Evil ni wọ́n ṣe fi sí i: kámẹ́rà kò ní tẹ̀ lé ọ, orí òrùlé tàbí kọ̀rọ̀ ni wọ́n kàn án mọ́. Ò ń rìn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ò ń gbọ́ ẹsẹ̀ ẹlòmíràn lórí pákó, o ò rí i. Ó lè kù díẹ̀ kó gbá ọ mú kí àwòrán tó yí sí ìhà ibẹ̀. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí tó ń gbá géèmù náà ń bú kámẹ́rà yìí pé ó dí wọn lọ́wọ́. Ó dí wọn lọ́wọ́ lóòótọ́. Ìdí tí wọ́n fi gbé e síbẹ̀ nìyẹn.

Tí ọ̀tá bá gbé idà sókè, o lè sá, o lè dáàbò bo ara rẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kẹta wà, Issen ni wọ́n ń pè é. Wàá dúró gbọn-in, wàá jẹ́ kí idà náà máa bọ̀, ìgbà tó bá ku fẹ́ẹ́fẹ́ kó balẹ̀ sí ọ lára ni wàá tẹ bọ́tìnnì. Tó bá bọ́ sí i, ìmọ́lẹ̀ kan á kọ mànà, ọ̀tá á sì ṣubú lẹ́ẹ̀kan náà. Tí o bá yá jù, kò sí nǹkan tó máa ṣẹlẹ̀. Tí o bá pẹ́ jù, wọ́n á là ọ́. Nínú ọ̀pọ̀ géèmù idà, ẹni tó bá ń tẹ bọ́tìnnì wàràwàrà ló ń borí. Níbí, ẹni tó lè fara da ìbẹ̀rù fún ìṣẹ́jú àáyá kan sí i ni wọ́n ń san lẹ́san.

Lẹ́yìn tí ọ̀tá bá ti ṣubú, ẹ̀mí rẹ̀ á jáde lára rẹ̀ bí iná kékeré. Pupa ló ń fi kún agbára ohun ìjà, yẹ́lò ló ń wo ọgbẹ́, búlúù ló ń dá agbára idán padà. O gbọ́dọ̀ dúró kí o na ìbọ̀wọ́ náà kí o tó lè fà wọ́n wọlé, o kò sì ní lè jà títí wàá fi ṣe tán. Tí o bá jáfara, wọ́n á pòórá. Òkú ni owó tí wọ́n ń ná nínú géèmù yìí. Samanosuke ń bá àwọn tó ń lo òkú jà, òkú náà lòun náà sì ń lò.

Mo fẹ́ yà díẹ̀. Orúkọ ọba àwọn Genma ni Fortinbras. Guildenstern ni onímọ̀ wọn tó ń dá anjọ̀nnú tuntun sílẹ̀, Osric àti Marcellus sì wà nínú àwọn ajagun wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ka Hamlet nílé ẹ̀kọ́ girama ti ń rẹ́rìn-ín. Inú eré Shakespeare ni wọ́n ti ṣa àwọn orúkọ náà, a sì rántí pé òkú baba tó padà wá bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo wàhálà inú eré yẹn. Àwọn kan lè sọ pé ó kàn dùn mọ́ wọn lẹ́tí ni. Ó ṣe é ṣe. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀.

Géèmù náà tà tó mílíọ̀nù 2. Ṣùgbọ́n nílé géèmù tiwa níbí, bọ́ọ̀lù ni ọ̀pọ̀ ọmọ fi PlayStation 2 gbá, n kò sì bá wọn wí: ẹni tó ń sanwó lórí ìdíje kọ̀ọ̀kan kò lè máa wá kọ́kọ́rọ́ kiri nínú ilé olódi kan ní Japan.

Ó wá kan ojú. Ojú Samanosuke kì í ṣe ojú tí ayàwòrán kan rò lọ́kàn. Ojú Takeshi Kaneshiro ni, òṣèré tí wọ́n bí ní Taipei, tí òkìkí rẹ̀ kàn ní Japan àti ní gbogbo ibi tí wọ́n ti ń wo fíìmù Ṣáínà. Òun náà ló fi ohùn sí i lédè Japan. Láyé ìgbà náà, ohun tí kò wọ́pọ̀ ni pé kí òṣèré ńlá yá géèmù ní ojú, àwọn ènìyàn sì ra Onimusha torí ojú yẹn bí wọ́n ṣe ń ra fíìmù torí ẹni tó wà nínú rẹ̀.

Kaneshiro wà láàyè. Ó rí àdéhùn, ó tọwọ́ bọ̀ ọ́, ó gba owó. Nígbà tó di 2002, tí Onimusha 2: Samurai's Destiny máa jáde, ojú tí Capcom yá fún akọni tuntun, Yagyu Jubei, ni ojú òṣèré kan tó ń jẹ́ Yūsaku Matsuda. Oṣù kọkànlá ọdún 1989 ni àrùn jẹjẹrẹ pa Matsuda, kété lẹ́yìn tó ṣe Black Rain, fíìmù Ridley Scott tó jẹ́ kí àwọn ará Amẹ́ríkà mọ̀ ọ́n. Ó ti lé ní ọdún 12 tó ti wà nínú ilẹ̀. Ó wá dìde, ó mú idà, ó ń rìn káàkiri ìlú àwọn awakùsà, ó ń fún àwọn alábàáṣe rẹ̀ ní ẹ̀bùn kí wọ́n lè gbè é níjà, ó sì ń wá Nobunaga tó pa gbogbo ará abúlé rẹ̀. Ohùn ẹlòmíràn ló ń tẹnu rẹ̀ jáde.

Ṣé ẹ rí i báyìí? Nobunaga inú géèmù, àwọn anjọ̀nnú ló jí i láti ṣiṣẹ́ fún wọn. Jubei tó ń lépa rẹ̀, ilé iṣẹ́ ló jí i láti ṣiṣẹ́ fún wọn. Òkú méjì ló ń lé ara wọn kiri inú ẹ̀rọ kan, èyí tí à ń pè ní akọni láàárín wọn sì ni èyí tí ojú rẹ̀ wù wá láti tún rí.

Àwọn ará Ọ̀wọ̀ tó wà láàárín wa lè má rí ohun tó ya èmi lẹ́nu nínú èyí. Wọ́n mọ àkó. Bí ẹni ńlá bá kú ní Ọ̀wọ̀, ọmọ rẹ̀ tó bá lágbára lè ní kí wọ́n gbẹ́ ère rẹ̀, kó ga tó o, kó jọ ọ́ débi tí ẹni tó mọ olóògbé á fi ta kìjí. Wọ́n á wọ aṣọ tó lọ́lá fún un, wọ́n á gbé e yí ìlú po. Ẹni tó gbẹ́ àkó tí kò jọ olóògbé ti ba iṣẹ́ jẹ́. Nítorí náà, kì í ṣe pé a fi ojú òkú hàn láàárín alààyè ló kọ mí lóminú. Àwọn baba wa ti ń ṣe é. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ọmọ olóògbé ló ń ṣe àkó, ìlú mọ ìdí tí wọ́n fi gbé e jáde, ayẹyẹ náà sì lópin. Matsuda inú Onimusha 2 kò lópin. Lóṣù karùn-ún ọdún 2025, Capcom tún géèmù náà ṣe, wọ́n fọ ojú rẹ̀ mọ́, wọ́n sì tún tà á fún àwọn tí wọn kò tíì bí nígbà tó kú.

Ẹlòmíràn tún wà tó fara pamọ́ sínú iṣẹ́ yìí, alààyè sì ni òun. Orin Onimusha àkọ́kọ́ jẹ́ orin ńlá tí ẹgbẹ́ olórin rẹpẹtẹ kọ, orúkọ tó sì wà lára rẹ̀ ni Mamoru Samuragochi. Ó ní adití lòun, àwọn akọ̀ròyìn ń pè é ní Beethoven ilẹ̀ Japan. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 2014, olùkọ́ orin kan, Takashi Niigaki, jókòó síwájú àwọn oníròyìn, ó sì tú àṣírí pé òun lòun ti ń kọ orin tí ọkùnrin náà ń gba ìyìn rẹ̀ fún nǹkan bí ọdún 18, orin Onimusha wà lára wọn, àti pé òun ò rò pé adití ni. Owó tí Niigaki gbà lórí iṣẹ́ tó lé ní 20 láàárín ọdún wọ̀nyẹn jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 7 yẹ́ẹ̀nì. Daisuke Takahashi, tó fẹ́ fi ọ̀kan nínú àwọn orin náà sá lórí yìnyín níbi ìdíje Òlíḿpíìkì ní Sochi, ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń gbọ́ nígbà tí ìdíje ku ọ̀la ku ọ̀tunla.

Nígbà tí Capcom tún Warlords gbé jáde láàárín ìparí 2018 àti ìbẹ̀rẹ̀ 2019, wọ́n yọ orin náà dànù, wọ́n sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òfin àti ìtìjú wà níbẹ̀. Síbẹ̀, ẹ wo ẹni tó jìyà rẹ̀: Niigaki, tó kọ orin, tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ náà ń tà, orin rẹ̀ náà kò tún sí níbẹ̀ mọ́ nígbà tí orúkọ rẹ̀ hàn. N kò rí ìdí tí wọn ò fi lè dá orin náà dá a, kí wọ́n sì kọ orúkọ ẹni tó ni ín sára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sáré kọjá lórí àwọn yòókù. Onimusha 3 jáde lọ́dún 2004, wọ́n yá ojú Jean Reno, òṣèré ilẹ̀ Faransé, kí ará Faransé kan lè bá ara rẹ̀ ní Japan ọdún 1582, kí Samanosuke náà sì máa pa anjọ̀nnú láàárín ìgboro Paris. Kò bọ́gbọ́n mu rárá, ó sì dùn. Takashi Yamazaki, tó gba àmì ẹ̀yẹ Oscar lọ́dún 2024 fún iṣẹ́ ìdán ojú inú Godzilla Minus One, ló darí fíìmù kékeré tí wọ́n fi ṣí i. Donnie Yen ló sì ṣètò ìjà inú rẹ̀. Onimusha: Dawn of Dreams ti 2006 fi Nobunaga sílẹ̀, ó mú Toyotomi Hideyoshi tó gbapò rẹ̀. Kò yá ojú òṣèré kankan fún akọni rẹ̀, kò sì tà bí àwọn tó ṣáájú. Capcom wá dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹnì kan ṣì wà ní ayé Nobunaga tí ẹ máa bi mí nípa rẹ̀, kí n tètè sọ ọ́. Yasuke, ọkùnrin adúláwọ̀ láti Áfíríkà, bá àlùfáà Alessandro Valignano dé Japan lọ́dún 1579. Nobunaga rí i ní 1581, ó gbà á sọ́dọ̀, ó fún un ní ilé àti idà, Yasuke sì wà ní Honnō-ji lọ́jọ́ tí iná sọ. Géèmù Nioh ti 2017 fi í ṣe ọ̀tá tí èèyàn máa bá jà, Assassin's Creed Shadows sì fi í ṣe akọni ní 2025. Kò sí àwòrán rẹ̀ tó dájú tó kù sílẹ̀. Ojú tirẹ̀ nìkan ni kò sẹ́ni tó lè yá, gbogbo ẹni tó bá fẹ́ lò ó ló ní láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ẹ.

Lọ́dún 2023, Onimusha padà wá gẹ́gẹ́ bí eré àwòrán alápá mẹ́jọ lórí Netflix, Takashi Miike wà lára àwọn olùdarí rẹ̀. Miyamoto Musashi, abidà tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ní Japan, ni akọni ibẹ̀, ojú tó sì gbé ni ojú Toshiro Mifune, òṣèré tó kú ní 1997. Ní 2025, Capcom fi hàn pé ojú Mifune yìí náà ni Musashi máa gbé nínú Onimusha: Way of the Sword, tí wọ́n dá ọdún 2026 fún. Ilé iṣẹ́ tí Mifune dá sílẹ̀ nígbà ayé rẹ̀ mọ̀ sí i, nítorí náà n kò sọ pé wọ́n jí ojú ẹnikẹ́ni.

Ohun tí mo ní sí i kò kan òfin. Mifune ti ṣe Musashi. Láàárín 1954 sí 1956, ó ṣe é nínú fíìmù mẹ́ta tí Hiroshi Inagaki darí, pẹ̀lú ara rẹ̀, pẹ̀lú òógùn rẹ̀, pẹ̀lú àṣìṣe tí òun nìkan lè ṣe. Matsuda yàtọ̀. Òkìkí rẹ̀ kò ti ibi idà wá; ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ oníjàgídíjàgan lórí tẹlifíṣọ̀n, ọkùnrin gíga tó ń mu sìgá láàárín ìgboro, ni àwọn ará Japan mọ̀ ọ́n sí. Nígbà tí Capcom gbé idà lé e lọ́wọ́, wọ́n fún un ní iṣẹ́ tí ikú kò jẹ́ kó ráyè ṣe, ohun tuntun sì jáde níbẹ̀: Jubei kan tó ń rìn bí ẹni tó sọ ọ̀nà nù wá láti ọgọ́rùn-ún ọdún mìíràn. Iṣẹ́ tí Mifune ti ṣe parí ni wọ́n tún ń gbé lé e lọ́wọ́. Tó bá jẹ́ èmi ni wọ́n ní kí n yan ojú fún Musashi tuntun, ọ̀dọ́ òṣèré kan tí kò tíì di idà mú rí ni mo máa wá, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa lè rí ojú tiwọn láti yá.